Orúkọ Tí Rhoda Ò Pè Mọ́

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ó ṣe ń rẹ ènìyàn láìgbé ẹrù, kí ó lọ jókòó sí ojú fèrèsé ọ́fíìsì ìjọba. Ibẹ̀ ni Rhoda jókòó sí ní Òmù-Àrán, ní ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò kúrò lọ́wọ́ òsì kí wọ́n máa gba ọwọ́ ọ̀tún. Iṣẹ́ náà kò le lójú ẹni tí kò ṣe é rí. Ẹni tó fẹ́ láísẹ́ǹsì kẹ̀kẹ́ á wá, ẹni tó fẹ́ kí wọ́n fa omi ẹ̀rọ wọ ilé òun á wá, ẹni tó fẹ́ ìwé ọjọ́ orí fún ọmọ tó ń lọ síléèwé náà á wá. Rhoda á gba ìwé wọn, á fi ránṣẹ́ sínú, bí ọ̀gá bá sì ti fọwọ́ sí i, á gba ojú fèrèsé pe orúkọ ẹni tó ni ín kí ó wá gbà á. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n láàárín ìgbà tí ìwé bá wọlé àti ìgbà tí yóò jáde, ojú Rhoda máa ń rí nǹkan.

Ẹni tí omi ẹ̀rọ rẹ̀ kò yọ á dé, á máa bú u bí ẹni pé òun ló mu omi náà tán. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá pẹ́ á ní nítorí pé òun ò mú nǹkan wá ni. Ẹni tí tirẹ̀ bá yá á béèrè ìdí tí wọn ò fi fún òun lánàá. Nínú ọ́fíìsì, lẹ́yìn rẹ̀, kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Caroline tó ń táìpù á ní òun ń lọ ra èkuru, èkuru náà á sì di irun dídì, gbogbo iṣẹ́ orí tábìlì rẹ̀ á di ti Rhoda. Ọ̀gbẹ́ni Ignatius, ọ̀gá wọn, kì í gbóhùn sókè sí ẹnikẹ́ni tó bá lè dá a lóhùn. Nítorí náà Rhoda nìkan ló ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Ignatius yìí ló ṣe òfin orúkọ. Rhoda pe "Àlájì" lọ́jọ́ kan láti ojú fèrèsé, nítorí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Gbogbo Àlájì tó wà níta ló dìde, wọ́n ń ti ara wọn, ọ̀kan sì ti gbé ìwé ẹlòmíràn dé ìlú Bàbáńlá kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Láti ọjọ́ náà, ọ̀gá ní kò sí Bàbá mọ́, kò sí Àlájì, kò sí Ìyá Ìjọ. Bí wọ́n bá ṣe kọ orúkọ sórí ìwé ni kí ó ṣe pè é. Rhoda ní àgbàlagbà ni àwọn mìíràn nínú wọn. Ọ̀gá ní ìjọba kò ní bàbá.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹnu rẹ̀ wúwo. Nígbà tó yá, ó mọ́ ọn lára, bí gbogbo nǹkan ṣe ń mọ́ni lára.

Fèrèsé yẹn náà ló mú Ọládayọ̀ wá. Ikán ti jẹ igi rẹ̀, wọ́n sì ránṣẹ́ pe káfíńtà láti Ẹ̀sìẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, ó fi pẹ́ńsù há etí. Nítorí pé wọn ò lè ti ọ́fíìsì, ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ Rhoda ló kúnlẹ̀ sí tó ń ṣiṣẹ́, gbogbo ohun tí wọ́n bá sì sọ sí Rhoda, òun náà ń gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin kan sọ fún Rhoda pé pẹ̀lú irú ojú tó fà ro yìí, kò lè rí ọkọ fẹ́ láyé. Ọládayọ̀ bá rọra dìde láti abẹ́ fèrèsé, òòlù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kí ọkùnrin náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọkùnrin náà wo òòlù, ó rántí pé òun ní ibi kan tí òun ń lọ.

Rhoda rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́.

"Ṣé báyìí ni wọ́n ń ṣe é lójoojúmọ́?" ni Ọládayọ̀ bi í.

"Òní dára," ni Rhoda dá a lóhùn.

Iṣẹ́ fèrèsé tó yẹ kó tètè parí bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Wọ́n kan igi, wọ́n yọ ọ́, wọ́n tún un kàn. Fulera, obìnrin tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì, ló kọ́kọ́ fura. Ọmọ Ẹ̀sìẹ́ ni, wọ́n gbé e níyàwó wá sí Òmù, ẹnu rẹ̀ kì í sì í gbófo. Ó bi Ọládayọ̀ bóyá fèrèsé ló ń kàn ni àbí mọ́ṣáláṣí. Nígbà tí Ọládayọ̀ tẹjú mọ́ ìṣó, Fulera ní ó dára, òun ti mọ̀, òun lòun máa ṣe alárenà, kí ó sáà fi fèrèsé ìjọba sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà Òmù, Ọládayọ̀ á gun kẹ̀kẹ́ wá láti Ẹ̀sìẹ́, á dúró de Rhoda títí wọ́n á fi ṣíwọ́, á sì máa ti kẹ̀kẹ́ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ sílé. Ó yé e pé ẹni tó ti sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ kò fẹ́ sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn ọkùnrin mìíràn tó ti wá rí máa ń fẹ́ kí ó dá àwọn lóhùn, kí ó rẹ́rìn-ín, kí ó sọ ìtàn ọjọ́ rẹ̀. Ọládayọ̀ a máa bá a dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni Rhoda fẹ́ràn, ó sì fẹ́ràn ẹni tó mú un wá. Nígbà tí Ọládayọ̀ sọ pé òun fẹ́ kí àwọn ará ilé òun wá rí ìyá rẹ̀, Rhoda kò jẹ́ kí ó bẹ̀bẹ̀ kí ó tó gbà.

Ohun tó bà á jẹ́ kò ju ọ̀rọ̀ kan péré lọ.

Àsìkò láísẹ́ǹsì kẹ̀kẹ́ ni, èrò kún iwájú ọ́fíìsì. Caroline ti lọ ra èkuru. Ohùn Rhoda ti há. Ó mú ìwé kan, ó pe, "Jòhánù Ọláìyá." Ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Ó tún pè é. Gbogbo Jòhánù tó ti pè láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin ni wọ́n, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ sùn lọ lórí bẹ́ńṣì. Inú bí i.

"Jòhánù Ọláìyá, ṣé o ò gbọ́ ni? Bí o bá ń sùn, jí."

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Bàbá arúgbó kan dìde láti orí bẹ́ńṣì, orí rẹ̀ funfun, ó wọ agbádá òfì. Kò sùn rárá. Ó jọ pé kò gbà pé òun ni ẹni tí wọ́n ń pè, torí pé láti ìgbà tí ìyá tó bí i ti kú, kò sẹ́ni tó tún fi "o" bá a sọ̀rọ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó gba ìwé rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, mà," ni ó wí. "Ẹ má bínú pé mo fi yín dúró."

Ara Rhoda tutù. Ó kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn fèrèsé ló kúnlẹ̀ sí, ta ni yóò rí i? Kí ó tó dìde, bàbá ti gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ, ẹlòmíràn sì ti na ìwé tirẹ̀ wọlé, ó ń bínú.

Bẹ́ẹ̀, Rhoda kò mọ orúkọ bàbá Ọládayọ̀. Ọládayọ̀ kì í pè é lórúkọ, ọmọ wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Bàbá Ìjọ ni gbogbo Ẹ̀sìẹ́ ń pè é. Ìgbà tí Fulera lọ síbẹ̀ láti ṣí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó sílẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ náà tó yé e. Fulera ń sọ pé ọmọ dáadáa ni, ọmọ ìjọ, ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ojú fèrèsé ló ń jókòó sí ní Òmù. Bàbá ní kí ó dúró ná. Ó béèrè bóyá fèrèsé tí wọ́n ti ń fún ènìyàn ní láísẹ́ǹsì kẹ̀kẹ́ ni. Fulera ní òun ni.

"Ọmọ tó ní kí n jí nìyẹn," ni bàbá wí. "Mo ti jí. Mi ò tún ní sùn débi tí màá fi gbé e wọ ilé mi."

Fulera kò tọ́jú ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni, gbogbo rẹ̀ pátá ló kó fún Rhoda. Rhoda jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọ́fíìsì, ó sunkún. Ọ̀gbẹ́ni Ignatius kọjá, ó ní bí ó bá sunkún tán kí ó rántí pé èrò ń dúró.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú kan, Rhoda àti Fulera lọ sí Ẹ̀sìẹ́ lọ bẹ̀bẹ̀. Bàbá kò lé wọn. Ó ní kí wọ́n bu omi wá, ó sì fa àga fún Rhoda.

"Ẹ jókòó, mà," ni ó wí.

Rhoda kò jókòó, orí sìmẹ́ńtì ló kúnlẹ̀ sí. Kò sí èébú tí wọ́n bú u rí lójú fèrèsé tó dùn ún tó "ẹ" àti "mà" yẹn lẹ́nu ẹni tó dàgbà ju bàbá tó bí i lọ. Ó sọ ti òfin ọ̀gá, ó sọ ti èrò, ó sọ pé òun ò rí ẹni tí òun ń bá wí. Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán.

"Mo ti fi jìn yín," ni ó wí. "Ẹnu iṣẹ́ lẹ fi sọ ọ́, mo mọ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù kọ́ nìyẹn. Nínú ilé yìí, ìyàwó kì í pe ẹnikẹ́ni lórúkọ. Ọmọ tó kéré jù níbí, tí kò tíì lè nu imú ara rẹ̀, ìyàwó tí a bá gbé lónìí gbọ́dọ̀ wá orúkọ mìíràn pè é. Ẹnu tó ti ń já orúkọ olórúkọ láti àárọ̀, ṣé ó máa mọ̀ pé òun ti délé? Ẹ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí ẹ padà wá."

Ìdáhùn yẹ kó rọrùn. Àárọ̀ wo ni Rhoda ń wé gèlè tí kì í sọ fún ara rẹ̀ pé òun máa fi iṣẹ́ ọ̀hún sílẹ̀? Ó ti ń wá ẹni tí yóò sọ pé kí ó lọ. Ẹni náà ti wá dé yìí, ó tún fi ọkọ lé e. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbà. Iṣẹ́ òun ni, òun nìkan ló sì ní ẹ̀tọ́ láti kórìíra rẹ̀. Kí ló dé tí ẹni tí kò jókòó síbẹ̀ rí fi máa bá òun kórìíra rẹ̀? Bí ó bá sì gbà lónìí, kí ni wọ́n tún máa ní kí ó fi sílẹ̀ lọ́la? Lọ́wọ́ kan, ó rò pé agídí lásán ni òun ń ṣe. Lọ́wọ́ kejì, ó mọ̀ pé kì í ṣe agídí.

Ọládayọ̀ sìn wọ́n dé ọ̀nà. Fulera sún síwájú, kí wọ́n lè sọ̀rọ̀.

"Kí ni ìwọ rò?" ni Rhoda bi í.

"Bàbá mi ni. Mi ò lè gbé ìyàwó kọjá níwájú wọn bí ẹni jalè. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò ní sọ fún ọ pé kí o fi iṣẹ́ rẹ sílẹ̀."

"Kí wá lo máa ṣe?"

"Màá dúró."

"Àwọn tó wà níwájú fèrèsé mi ń dúró," ni Rhoda wí. "Ìwọ náà ń dúró. Èmi kan ṣoṣo yìí ni gbogbo yín ń dúró dè."

Ọdún yípo. Wọ́n pa pọ́n-ùn dà sí náírà, àwọn èrò sì tún rí nǹkan tuntun tí wọn yóò fi máa bá Rhoda jà. Ọládayọ̀ ń wá lọ́jọ́ ọjà, ó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń dákẹ́. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ náà ti yàtọ̀, kò sinmi ẹni mọ́. Ìyá Rhoda ti ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà. Lọ́jọ́ kan ó pè é jókòó.

"Rhoda, mi ò ní kí o má fẹ́ràn ẹni tí o fẹ́ràn," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ilé tí wọn ò ti fẹ́ ọ, ṣé ẹnu ọ̀nà wọn lo fẹ́ gbó sí?"

Ìyá rẹ̀ ti rí ẹlòmíràn. Lawrence ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ nínú ìjọ, ó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, bàbá rẹ̀ ti kú. Wọ́n máa wá gbọ́ èsì lẹ́yìn Àjíǹde. Rhoda kò ní òun gbà, kò ní òun ò gbà. Ó ní òun ti gbọ́. Ọkọ ni ọkọ ń jẹ́, ni ó sọ fún ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹni tó ti rẹ̀ ni. Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó ní kí Ọládayọ̀ má wá mọ́. Ọládayọ̀ wò ó títí, ó yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà, kò sì wá mọ́. Rhoda rò pé yóò tako òun. Ó dùn ún pé kò tako òun.

Ohun kan wà tí Rhoda kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà tó ti Ẹ̀sìẹ́ dé, kò pe Jòhánù mọ́. Kì í ṣe pé ó pinnu bẹ́ẹ̀, ẹnu rẹ̀ ló kọ̀ ọ́. Bí ìwé Jòhánù kan bá ti jáde, á tì í sọ́dọ̀ Caroline pé kó bá òun pè é, òun á bá a táìpù nǹkan díẹ̀. Ìlú onígbàgbọ́ bí Òmù-Àrán, Jòhánù ibẹ̀ kò lóǹkà. Ó táìpù títí ìka rẹ̀ wú. Caroline kò sì béèrè ìdí, nítorí ẹni tí wọ́n ń bá ṣiṣẹ́ kì í béèrè.

Àjíǹde ku díẹ̀ nígbà tí ọjọ́ náà pé. Oòrùn mú, àwọn èrò ń fi ìwé fẹ́ ara wọn, Caroline kò sí níbẹ̀. Ìwé tó wà lókè ni ti Jòhánù Ọlábọ̀wálé. Rhoda fi ìwé náà sí ìsàlẹ̀, ó pe ti àwọn yòókù tán, ó tún kan án. Níta, ẹnì kan ń pariwo pé láti àárọ̀ ni òun ti wà níbí. Rhoda di igi fèrèsé mú.

"Ẹni tó ń jẹ́ orúkọ bàbá ọkọ mi," ni ó wí, "kí ó máa bọ̀."

Obìnrin kan tó pọn ọmọ béèrè ohun tí bàbá ọkọ rẹ̀ ń jẹ́. Rhoda ní òun ò lè pè é. Ẹ̀rín sọ. Ọ̀gbẹ́ni Ignatius jáde, ó gba ìwé náà, ó kà á.

"Jòhánù ni wọ́n kọ síbí. Pè é."

"Ẹ dákun, ọ̀gá, ẹ bá mi pè é."

"Mo ní kí o pè é. Òfin ni."

"Mo mọ òfin náà, sà. Gbogbo orúkọ yòókù ni màá pè. Ti bàbá ọkọ mi nìkan ni mi ò ní pè."

Màmá àgbà kan gbóhùn sókè láti orí bẹ́ńṣì. Ó ní kí akọ̀wé fi ọmọ náà sílẹ̀, ìyàwó tí wọ́n kọ́ ni. Ó bi í bóyá ìyàwó tirẹ̀ nílé máa ń pe bàbá rẹ̀ lórúkọ. Ọ̀gbẹ́ni Ignatius yíjú sí Rhoda.

"Ìgbà wo lo tiẹ̀ ṣe ìgbéyàwó?"

"Mi ò tíì ṣe é, sà," ni Rhoda wí. "Wọn ò fẹ́ mi."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ọkùnrin tó ń pariwo lọ jókòó. Ọ̀gbẹ́ni Ignatius fi ohùn jẹ́jẹ́ pe Jòhánù Ọlábọ̀wálé fúnra rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Rhoda máa gbọ́ ohùn jẹ́jẹ́ lẹ́nu rẹ̀ nínú ọ́fíìsì náà.

Fulera ti gbọ́ ọ láti ẹnu ilẹ̀kùn. Ó fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, kò gbàyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó wọ mọ́tò Ẹ̀sìẹ́, ó lọ ròyìn rẹ̀ fún Bàbá Ìjọ. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ fún bàbá Ọládayọ̀ pé ọmọ rẹ̀ kì í bá ará ilé sọ̀rọ̀ mọ́, pákó nìkan ló ń bá ṣe. Bàbá kò kọbi ara sí i. Fulera kì í ṣe ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ láìfi iyọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó búra títí dòní pé lọ́jọ́ náà, wálái, òun ò fi nǹkan kan sí i.

Rhoda kò mọ̀. Ojú ló ń tì í. Gbogbo Òmù ti gbọ́ pé ó ń ṣe ìyàwó nílé tí wọ́n ti kọ̀ ọ́. Ó pinnu pé bí òun bá délé lọ́jọ́ Jímọ̀, òun á sọ fún ìyá òun pé òun gbà fún Lawrence, kí gbogbo ẹ̀ tán.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ náà, ó gbójú sókè láàárọ̀, ó rí bàbá Ọládayọ̀ lórí bẹ́ńṣì. Kò mú ìwé kankan lọ́wọ́. Ṣé ó wá fẹjọ́ sùn ni? Ṣé ó wá sọ níwájú èrò pé òun kọ́ ni bàbá ọkọ ẹnikẹ́ni? Rhoda ń pe orúkọ lọ. Ọkùnrin kan bú u nítorí omi ẹ̀rọ. Obìnrin kan ju ìwé lù ú. Bàbá jókòó, ó ń wò ó. Bí ẹnìkan bá dé, á sún fún un kí ó ṣíwájú òun. Ọ̀sán pọ́n kí ó tó dìde wá sí ojú fèrèsé.

"Ìyàwó," ni ó wí, "ìgbà wo lo máa ń ṣíwọ́?"

Rhoda ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni, sà.

"Ó dára. Mo fẹ́ mọ ilé ìyá rẹ kí n tó kó àwọn ará ilé mi wá. Màá dúró dè ọ́."

Ayọ̀ ti fẹ́ mú Rhoda gbàgbé gbogbo nǹkan, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ayọ̀ tan òun jẹ.

"Iṣẹ́ yìí ńkọ́, Bàbá?"

Bàbá wo ẹ̀yìn, ó wo gbogbo èrò tó tò síbẹ̀.

"Ẹnu tó bá mọ orúkọ tí kò yẹ kó pè," ni ó wí, "kí ó máa pe ìyókù."

Ó padà lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì. Rhoda nu ojú rẹ̀ kí ó lè ríran kàwé. Ó rẹ̀ ẹ́ púpọ̀, inú rẹ̀ sì dùn. Ó mú ìwé tó kàn, ó sì pe orúkọ ẹni tó ni ín.